Dókítà Àwọn Tálákà: Ìgbésí Ayé Ẹni Mímọ́ José Gregorio Hernández

Nínú ìwé jùbílì bí irú èyí, ìtàn àwọn Fàdá tí wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ àti ti àwọn kátíkísì tí wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́ ni a sábà máa ń kọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wù wá kí a ya ojú ìwé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkùnrin kan tí kò jẹ oyè àlùfáà rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dìde láti fi ayé sílẹ̀ kí ó lè sin Ọlọ́run nínú ilé àdúrà tàbí lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Ọlọ́run dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn. Orúkọ rẹ̀ ni José Gregorio Hernández, iṣẹ́ dókítà ni ó sì ṣe títí ó fi kú. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2025, Póòpù Leo kẹrìnlá kéde rẹ̀ ní Róòmù gẹ́gẹ́ bí Ẹni Mímọ́.

Àwa tí a ń gbé Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wa ohun tí dókítà jẹ́ fún ará oko. Ẹni tí ó bá ti gbé aboyún sórí alùpùpù lóru, tí ó gba ojú ọ̀nà eléruku láti abúlé lọ sí Sakété tàbí sí Àjàṣẹ́, tí ó ń gbàdúrà ní gbogbo ọ̀nà pé kí ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ má bọ́, mọ̀ pé láàárín ikú àti ìyè, nígbà mìíràn, ìrìn wákàtí kan péré ni ó wà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni a bí José Gregorio sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ńlá wà láàárín tiwa àti tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1864 ni a bí i ní Isnotú, abúlé kékeré kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Trujillo, ní orílẹ̀-èdè Venezuela ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Benigno Hernández ni bàbá rẹ̀, Josefa Antonia Cisneros sì ni ìyá rẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ bíbí Isnotú. Ogun abẹ́lé ńlá tí ó jà ní Venezuela láti ọdún 1859 sí 1863 ni ó lé wọn kúrò ní ìlú wọn, Pedraza, tí wọ́n fi sá gun orí òkè. Bàbá ṣí ilé ìtajà kan sí Isnotú, níbi tí ó ti ń ta onírúurú ọjà àti oògùn díẹ̀. Ìyá ni ó kọ́ àwọn ọmọ ní àdúrà àti àánú ṣíṣe. Nígbà tí José kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní oṣù kẹjọ ọdún 1872, ìyá náà kú. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ tí ó yè, a kò sì ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Yorùbá ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé tí kò ní ìyá mọ́.

Olùkọ́ tí ó wà ní abúlé rí i pé ọmọ náà ní làákàyè, ó sì gba bàbá nímọ̀ràn pé kí ó má jẹ́ kí ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ní ọdún 1878, nígbà tí José jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n rán an lọ sí Caracas, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà. Orí ìbaaka àti inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbà dé ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ òfin ni ó wu ọmọ náà. Ó fẹ́ di lọ́yà. Bàbá rẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ pé iṣẹ́ ìṣègùn ni kí ó kọ́. Ó gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 1882. Bí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ́ àwọn mìíràn kí ó lè rí owó ná. Ó kọ́ bí a ti ń ránṣọ pẹ̀lú, ó sì ń rán aṣọ ara rẹ̀. Ó ń tẹ dùùrù, ó sì gbọ́ èdè púpọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1888, ọjọ́ àjọ̀dún Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ó gba oyè dókítà. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ọjọ́ náà sọ́kàn.

Santos Aníbal Dominici, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, wọ́n sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kí ó lè fìdí iṣẹ́ múlẹ̀ ní Caracas. Olówó wà níbẹ̀, ilé tí ó dára wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní àárín àwọn ará ìlú òun ni ipò òun wà, nítorí pé wọn kò ní dókítà. Báyìí ni ó ṣe padà sí Isnotú, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú àpótí oògùn àti ìwé díẹ̀.

Àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí Dominici láti abúlé wà di òní, àwọn ni ó sì jẹ́ kí a mọ bí ọkàn rẹ̀ ti rí ní àkókò náà. Kò fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ròyìn pé ara àwọn aláìsàn òun ń yá, ṣùgbọ́n ó ṣàròyé pé ó nira púpọ̀ láti wo àwọn ènìyàn ibẹ̀ sàn. Wọ́n gbà gbọ́ pé àsasí ni ó fa àìsàn. Wọ́n ń bẹ̀rù adìẹ dúdú àti màlúù dúdú. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé oògùn tí a bá pe ọ̀rọ̀ àwámárìídìí lé lórí ju èyí tí dókítà bá fi lé wọn lọ́wọ́ lọ. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òkùnkùn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó kàn wá. Bí a bá yọ orúkọ Isnotú kúrò nínú lẹ́tà náà, tí a fi orúkọ abúlé kan ní agbègbè wa rọ́pò rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Títí di òní, àwọn Kristẹni wà tí wọ́n ń gba Ara Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí ó sì jẹ́ pé bí ibà bá mú ọmọ wọn ní ọjọ́ ajé, wọn a kọ́kọ́ wá ẹni tí ó sọ ọ́ kiri ná kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Dókítà Hernández náà kò bú wọn lójú wọn. Ìbínú tí ó wà nínú lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó rí i. Ohun tí àwọn ará abúlé rí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gun ìbaaka gba orí òkè wá sọ́dọ̀ wọn.

Kí a má parọ́, kò pẹ́ ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ dókítà abúlé náà. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ó sú u. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1889, ọ̀rẹ́ kan kìlọ̀ fún un pé àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Trujillo ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lòdì sí tiwọn, wọ́n sì ń gbèrò láti lé e jáde tàbí láti fi í sẹ́wọ̀n. Ọkùnrin yìí kò ṣe òṣèlú. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Áfíríkà mọ̀ pé ẹni tí kò ṣe òṣèlú ni òṣèlú máa ń ṣe léṣe jù nígbà mìíràn. Ó ti rìn gba àwọn ìlú orí òkè Trujillo, Mérida àti Táchira, ó ń wá ibi tí ó ti lè ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀rùn, kò sì tíì rí ibìkan fìdí kalẹ̀ sí, nígbà tí ìpè dé láti Caracas. Dókítà Calixto González, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, ti dárúkọ rẹ̀ fún Ààrẹ Juan Pablo Rojas Paúl pé òun ni kí wọ́n rán lọ sí ìlú Paris láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tuntun. Ní oṣù keje ọdún 1889, ìjọba fi àṣẹ sí i.

Àwọn kan lè sọ pé Isnotú pàdánù dókítà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a kò lè jiyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ni kò padà sílé rárá, àwọn tí wọ́n sì padà, ọ̀ràn bí irú èyí ni ó tún lé wọn lọ. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ohun tí ó ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó lọ gbà.

Ní Paris ó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Charles Richet, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1913, àti lábẹ́ Mathias Duval àti Isidore Straus. Àkókò náà ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ dájú, nípa iṣẹ́ Louis Pasteur ní Faransé àti Robert Koch ní Jámánì, pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àrùn. Ìdáhùn sí àsasí àti adìẹ dúdú Isnotú ni èyí. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 1890 nígbà tí ó wà lọ́hùn-ún, kò sì lè wá sin ín. Ní ọdún 1891 ó padà sí Venezuela pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ìjọba rà, àti maikirosíkóòpù, awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Caracas nípa bí ẹ̀yà ara ṣe rí àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Òun ni ó fìdí ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1906. Láti ìgbà náà, dókítà tí a bá rán lọ sí abúlé kan ní Venezuela ti lè mọ ohun tí ó ń bá jà.

Ó dára kí a fi ti wa wé e. Ní ọdún 1895, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ni àwọn Fàdá ẹgbẹ́ SMA ṣí ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sí Lántòrò ní Abẹ́òkúta. Fàdá Coquard, tí ó ṣe ìtọ́jú àwọn aláìsàn níbẹ̀ títí di ikú rẹ̀ ní ọdún 1933, jẹ́ àlùfáà tí ó di oníṣègùn nítorí àìní àwọn ènìyàn. Ti Hernández jẹ́ òdìkejì: oníṣègùn tí ń wá bí yóò ti di àlùfáà.

Ní Caracas, ìgbésí ayé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní ariwo nínú. Mísà ni ó ń kọ́kọ́ lọ ní òwúrọ̀, ó sì ń gba Ara Olúwa. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ bẹ àwọn aláìsàn wò nínú ilé wọn, kí ó tó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó darapọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Kẹta ti Fransisi Mímọ́, àwọn ọmọ ìjọ tí ń gbé nínú ayé ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà òṣì àti ìrẹ̀lẹ̀. Kò gbéyàwó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ń bá a tọ́jú ilé. Owó tí olówó bá san ni ó fi ń ra oògùn fún ẹni tí kò ní. Wọ́n máa ń ròyìn pé ó gbé àwo kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú rẹ̀, kí aláìsàn fi ohun tí agbára rẹ̀ ká sínú rẹ̀, kí ẹni tí kò sì ní lọ́wọ́ mú nínú rẹ̀ fi ra oògùn. Kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ àwo náà. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ni Dókítà Àwọn Tálákà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà púpọ̀ ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ń wo inú maikirosíkóòpù kò tún nílò láti kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà Luis Razetti, olórí láàárín wọn, mú ọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀ wá sí iwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn orílẹ̀-èdè náà, tí Hernández jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1904. Hernández sọ níbẹ̀ láìfi bò pé òun gbà pé Ọlọ́run ni Ẹlẹ́dàá. Kò bínú, kò sì kó ẹ̀gbẹ́ jọ. Òun àti Razetti jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn títí dé òpin. Ó wù wá kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n wà ní yunifásítì Abomey-Calavi àti ní ibòmíràn fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń wù ú láti fi gbogbo ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ní ọdún 1908, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó fi ipò olùkọ́ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ítálì, ó sì wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kartusi ní Farneta, lẹ́bàá ìlú Lucca. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wọ̀nyí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdúrà òru, ààwẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ayé wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Bùrọ́dà Marcelo. Ṣùgbọ́n òtútù àti iṣẹ́ líle náà borí ara rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, olórí ilé náà gbà á nímọ̀ràn pé kí ó padà sílé. Nígbà tí ó dé Caracas ní ọdún 1909, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi tọ̀ ọ́ wá pé àwọn aláìsàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá a, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1913 ó tún dìde, ó lọ sí Róòmù láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run kí ó lè di àlùfáà. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró mú un níbẹ̀, ní ọdún 1914 ó sì tún padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìtìjú tí ó wà nínú irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìlú sin dé èbúté pé ó ń lọ di ti Ọlọ́run, tí ó tún padà wọlé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta! Ẹlòmíràn ì bá ti bá Ọlọ́run bínú. Òun gbé àpò dókítà rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn àwọn aláìsàn bí ti àtẹ̀yìnwá. Lójú tiwa, ibí yìí gan-an ni ìjẹ́-mímọ́ rẹ̀ ti hàn jù, ju ohunkóhun mìíràn tí a lè ròyìn nípa rẹ̀ lọ.

Ọdún 1918 dé, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn bàbá wa pè ní lúkúlúkú sì jà káàkiri ayé. Kò yọ ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀, kò sì yọ Venezuela sílẹ̀. Ní Caracas, Hernández wà lára àwọn dókítà tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti tọ́jú àwọn tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀. Òun tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀ la àkókò náà já.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1919, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Versailles, èyí tí ó parí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ọjọ́ kejì rẹ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gééré tí Hernández gba oyè dókítà. Inú rẹ̀ dùn nítorí àlàáfíà náà, àwọn kan sì jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ rúbọ sí Ọlọ́run kí ogun lè tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹnì kan wá sọ fún un pé ìyá arúgbó kan ń ṣàìsàn, kò sì ní owó oògùn. Ó jáde lọ bẹ ìyá náà wò, ó sì yà sí ilé oògùn kan ní àdúgbò La Pastora láti fi owó ara rẹ̀ ra oògùn fún un. Bí ó ti ń sọdá títì, tí ọkọ̀ tíráàmù kan dúró níbẹ̀, mọ́tò kan tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráàmù náà gbá a. Ó ṣubú, orí rẹ̀ sì lu etí òkúta ojú ọ̀nà. Ìgbà náà, mọ́tò kò tíì pọ̀ ní Caracas. Awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Vargas, níbi tí àlùfáà ti fi òróró mímọ́ yàn án. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Nígbà tí wọ́n ń sin ín, ìlú Caracas tú jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kún ojú ọ̀nà, àwọn ará ìlú sì kọ̀ kí ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀: ọwọ́ ni wọ́n fi gbé pósí náà lọ sí itẹ́ òkú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é nínú àdúrà wọn. Àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù dúdú àti fìlà, wà nínú ilé olówó àti tálákà.

Ìfẹ́ àwọn ènìyàn yìí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìṣòro. Àwọn abọ̀rìṣà ilẹ̀ Venezuela gbé àwòrán rẹ̀ sínú ojúbọ wọn, wọ́n ń pe ẹ̀mí rẹ̀ bí ẹni ń pe òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni òun alára ti bá irú nǹkan wọ̀nyí jà ní Isnotú! Ìjọ Mímọ́ sì ní láti fara balẹ̀. Ọdún 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986, Póòpù John Paul kejì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹni Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, ọdún púpọ̀ kọjá láìsí iṣẹ́ ìyanu tí Róòmù fọwọ́ sí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn olè yìnbọn lu ọmọdébìnrin kan ní orí, ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Guárico. Ibẹ̀ jìnnà sí ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n sì fi gbé e kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ìyá rẹ̀ ké pe José Gregorio. Àwọn oníṣègùn rò pé bí ọmọ náà bá tilẹ̀ yè, kò ní lè rìn tàbí sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá pátápátá, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ọmọ oko ni, ní ibi tí kò sí dókítà nítòsí. Póòpù Francis fọwọ́ sí iṣẹ́ ìyanu náà ní ọdún 2020, ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n sì kéde Hernández gẹ́gẹ́ bí Alábùkún ní Caracas. Ní ọjọ́ tí ó di Ẹni Mímọ́ ní ọdún 2025, ènìyàn méje ni Póòpù kéde pọ̀; lára wọn ni Ìyá Carmen Rendiles, ọmọ Venezuela pẹ̀lú, àti Peter To Rot, kátíkísì ọmọ Papua New Guinea tí ó kú ikú ajẹ́rìíkú. Ṣáájú wọn, Venezuela kò tíì ní Ẹni Mímọ́ kankan.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀ nínú Ìjọ. Egungun rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì La Candelaria ní Caracas, níbi tí wọ́n gbé e lọ ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n Isnotú ni àwọn tí ara wọn ti yá máa ń lọ. Wọ́n ti kọ́ ilé àdúrà ńlá kan síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti fi àwo ìdúpẹ́ kéékèèké bo ògiri ibẹ̀, ní abúlé tí àwọn aláṣẹ ti fẹ́ lé e kúrò ní ọdún 1889.